Bí mo ṣe fi àgbo wá ìtura fún àbúrò mi nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀

Ara àbúrò mi gbóná janjan, ó sì ń gbọ̀n lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án gangan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkòkò ni mo kọ́kọ́ gbé kaná o, kẹ́mísì ni mo mú un lọ kí wọ́n gún ìka rẹ̀ ṣe tẹ́ẹ̀sì, torí kì í ṣe ibà nìkan ló ń mú ara gbóná, táífọ́ọ̀dù náà máa ń mú un gbóná. Ibà ló jẹ́ lóòótọ́, wọ́n sì fún un ní oògùn ọlọ́jọ́ mẹ́ta, àárọ̀ àti alẹ́. Oògùn yẹn ló máa pa kòkòrò ibà inú ẹ̀jẹ̀, àgbo tèmi wà fún ara gbígbóná àti gbogbo ara ríro yẹn.

Ìbàdàn la wà, mo bá kọjá sí ọjà Bódè lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ. Mo ra ewé dóńgóyárò, ewé máńgòrò, ewé ìbẹ́pẹ, koríko ọba tí àwọn kan ń pè ní ewé tíì, àti osàn wẹ́wẹ́. Ìyá tó tà á fún mi ní, "Ọmọ mi, ta ló fẹ́ lò ó, ṣé kì í ṣe aboyún?" Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an, torí dóńgóyárò ò dáa fún aboyún, kò sì dáa fún ọmọ kékeré.

Mo fi omi iyọ̀ fọ ewé dáadáa, mo kó dóńgóyárò, máńgòrò àti ìbẹ́pẹ sínú ìkòkò ńlá, mo fi èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó wà nílé sí i, mo bu omi bò ó, mo sè é títí omi fi dúdú tí òórùn kíkorò yẹn gba gbogbo ilé. Àwọn àgbà ilé wa máa ń ní kí aláìsàn fi aṣọ bora lórí ìkòkò kó gba ooru, èmi ò ṣe ìyẹn, ẹni tí òòyì ń kọ́ ò gbọ́dọ̀ jókòó ti omi gbígbóná. Mo jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́wọ́, mo sẹ́ ẹ, ó sì fi wẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Mímu ńkọ́? Mi ò fún un ní dóńgóyárò mu pọ̀ mọ́ oògùn, mi ò fẹ́ kí méjèèjì pàdé níkùn ẹ̀. Koríko ọba nìkan ni mo sè lọ́tọ̀, mo fún osàn wẹ́wẹ́ sí i, mo fi oyin díẹ̀ sí i, ó sì ń mu ún díẹ̀díẹ̀ torí òógùn ti fa omi ara ẹ̀ gbẹ. Oògùn náà fẹ́ oúnjẹ tó lọ́ràá kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, mo bá ń fún un ní àkàrà àti ògì tí mo da mílíìkì sí.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ewé ò wúlò. Oògùn tí wọ́n fún wa ní kẹ́mísì yẹn, ewé ni wọ́n ti rí orísun ẹ̀, ewé tí wọ́n ń lò fún ibà ní Ṣáínà látọjọ́ pípẹ́, Tu Youyou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Ṣáínà tó ṣiṣẹ́ lé e lórí, sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn òógùn bò ó, ara ẹ̀ tutù, ó ní, "Àǹtí mi, ebi ń pa mí." Síbẹ̀, ó lo oògùn náà pé ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tí gìrì bá mú èèyàn, tàbí tí ó ń bì tí oògùn ò dúró, tàbí tí ìtọ̀ ẹ̀ dúdú, ẹ má dúró ti àgbo kankan, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, àgàgà ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5.