Bí A Ṣe Ń Fọ Ẹ̀rọ Táńkì Ẹja Omi Iyọ̀ Níbi Tí Iná Ti Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

Pọ́ǹpù táńkì omi iyọ̀ tí ìdọ̀tí líle ti dì mọ́ nínú lè máa ṣiṣẹ́ lọ fún oṣù mélòó kan kí ẹnikẹ́ni má fura. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ ni àṣírí ń tú. Iná á padà dé, fáànù á máa fẹ́, fíríìjì á máa kùn, àmọ́ pọ́ǹpù ò ní lè bẹ̀rẹ̀, torí agbára tó fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí ju èyí tó fi ń yí lọ. Tó bá jẹ́ òru ni, omi á dúró sójú kan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa dín kù, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja ti léfòó.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ń sin ẹja òkun ní ìlú tí iná kì í ti í dúró gbọ́dọ̀ máa fọ ẹ̀rọ rẹ̀ léraléra ju bí ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá ṣe sọ lọ. Ibi tí ìwé bá ti ní oṣù mẹ́fà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn tó kọ ìwé náà rò pé pọ́ǹpù yẹn máa wà lórí iná tọ̀sán-tòru ni.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Korobá méjì tí wọn ò fi fọṣọ rí, fínígà funfun tí wọ́n kọ 5% sí lára, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun, búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè wọ inú họ́ọ̀sì, àti táwẹ́ẹ̀lì tó gbẹ. Bí owó fínígà bá ga jù, citric acid oníyẹ̀fun ń ṣe iṣẹ́ kan náà, owó rẹ̀ kò sì tó ti fínígà tí ẹ bá rà á níbi tí wọ́n ti ń ta kẹ́míkà, irú ọjà Ọjọ́ta ní Èkó. Ṣíbí ìjẹun mẹ́rin sínú lítà omi kan ti tó.

Ẹ ò rí ọṣẹ níbẹ̀ o. Ọṣẹ abọ́, ọṣẹ ìfọṣọ, títí dórí ọṣẹ dúdú, kò gbọ́dọ̀ kan ohunkóhun tó máa padà sínú táńkì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sára ike á mú kí skimmer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó yọ ìdọ̀tí kúrò nínú omi, máa hó yàà sílẹ̀, á sì ṣe ibi tí ẹja fi ń mí ní jàǹbá. Hypo àti Jik ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da ọ̀kankan nínú wọn pọ̀ mọ́ fínígà tàbí citric acid láé. Èéfín chlorine ló ń jáde látibẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn nínú bálùwẹ̀ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀.

Iná lẹ máa kọ́kọ́ yọ

Omi iyọ̀ ń gbé iná mànàmáná ju omi lásán lọ. Ẹ yọ gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ omi. Pípa swíìṣì nìkan ò tó. Tí ẹ bá ń lo inverter, ẹ rántí pé iná tí wọ́n mú lọ kò túmọ̀ sí pé iná kò sí nínú wáyà yín. Nígbà tí ẹ bá ń dá wáyà padà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rọ̀ wálẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè wọ inú rẹ̀, kí omi tó bá ń tọ wáyà bọ̀ lè kán sílẹ̀ níbi tó ti tẹ̀ kọ́rọ́ yẹn.

Hítà ní ìkìlọ̀ tirẹ̀. Tó bá ṣì gbóná tí ẹ gbé e jáde kúrò nínú omi, gíláàsì rẹ̀ lè là. Ẹ yọ ọ́ lórí iná, kí ẹ fi sílẹ̀ nínú omi fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Pọ́ǹpù

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Omi òkun kún fún kálísíọ̀mù, ibi tó bá gbóná ló sì ti ń dì jù lọ. Inú pọ́ǹpù máa ń gbóná, ìdí nìyẹn tí nǹkan funfun tó le bí òkúta fi ń bo ibẹ̀. Ewéko òkun kan tó ní àwọ̀ pupa àti àlùkò máa ń so mọ́ ìta rẹ̀ pẹ̀lú, òun náà fi kálísíọ̀mù kọ́ ara rẹ̀.

1. Ẹ gbé pọ́ǹpù jáde, kí ẹ fi omi lásán ṣàn án. Ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò bóyá ìgbín kékeré há síbẹ̀.

2. Ẹ tú iwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní skrú, tí ẹ bá yí ìdérí rẹ̀ díẹ̀, á ṣí. Ẹ máa rí impeller nínú, ìyẹn òòfà roboto kan tí fáànù kékeré wà lórí rẹ̀. Ẹ fà á jáde ní gbọọrọ, láìtẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Amọ̀ sísun ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù, kì í tẹ̀, ńṣe ló ń dá.

3. Ẹ da fínígà àti omi pọ̀ ní ìdajì-ìdajì sínú korobá, kí ẹ rẹ gbogbo ẹ̀ya rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ máa rí i tó ń yọ hóhó wínníwínní, ìyẹn kálísíọ̀mù tó ń yọ́. Ìdajì wákàtí tó fún èyí tí kò tíì burú. Èyí tó ti pẹ́ lè sùn síbẹ̀ mọ́jú. Pọ́lọ́ọ̀gì àti àpótí kékeré tí wọ́n fi ń dín eré pọ́ǹpù kù kò gbọ́dọ̀ kan omi rárá.

4. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ má sì gbàgbé ihò tí impeller ń jókòó sí. Ìta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fọ̀ títí tó fi ń dán, bẹ́ẹ̀ inú ihò yẹn ni wàhálà wà. Òwú orí igi tí a fi ń nu etí á dé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

5. Ẹ wo òòfà náà dáadáa. Tó bá ti wú, tó là, tàbí tí ìpẹtà ti hàn lára rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ padà sínú omi mọ́. Irin tó ń jẹrà léwu fún iyùn ààyè inú táńkì àti edé ju bó ṣe léwu fún ẹja lọ.

6. Ẹ ṣàn án nínú omi lásán dáadáa, kí ẹ tò ó padà, kí ẹ sì tàn án nínú korobá omi mímọ́. Ẹ pa á, ẹ tàn án, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Èyí tó bá kọ́kọ́ gbọ̀n, tó ń kùn, kó tó gbéra, kò tíì mọ́ tàbí kẹ̀, ó ti gbó. Ẹ ra impeller kan pamọ́ fún un nísinsìnyí tí ẹ ṣì lè rí irú rẹ̀ rà, torí wọ́n lè má ní i lọ́jà lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ gan-an.

Skimmer

Iṣẹ́ skimmer ni láti fẹ́ afẹ́fẹ́ wínníwínní sínú omi kí ìdọ̀tí lè so mọ́ ọn, kí ó sì gòkè bí ìfófòó orí ẹ̀wà tó ń hó, kó dà sínú ife òkè. Ọ̀rá tó ń lẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ìfófòó náà gòkè mọ́. Ẹ máa yọ ife náà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ fi omi ẹ̀rọ àti fóòmù nu ọrùn rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í kà sí ni ihò tó ń fa afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń pàdé omi iyọ̀, iyọ̀ á gbẹ síbẹ̀, á sì dí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ bu omi lásán tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ sínú ife, ẹ ti ẹnu rọ́bà afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́ nígbà tí skimmer bá ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó fà á mu. Iyọ̀ inú rẹ̀ á yọ́ láìtú nǹkan kan.

Tí ẹ bá fi fínígà fọ gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó lè má hó fún ọjọ́ kan sí méjì. Kò bàjẹ́. Ẹ má ṣe máa yí i sókè-sódò, á padà sípò fúnra rẹ̀.

Fílítà: ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́ jù

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yí padà níbí. Nínú òkúta àti fóòmù fílítà ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ń gbé, àwọn tó ń sọ amóníà tó ń jáde lára ẹja di ohun tí kò lè tètè pa ẹja. Omi ẹ̀rọ tó ní chlorine á pa wọ́n. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá ń pààrọ̀ omi táńkì ni kí ẹ fọ̀ ọ́, pẹ̀lú omi táńkì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde. Ẹ fún fóòmù nínú rẹ̀ títí ẹrẹ̀ á fi jáde, ó ti tó. Kó ṣì pọ́n díẹ̀ kò burú. Ẹ má sì fọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà; ìdajì lónìí, ìdajì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àpò asẹ́ funfun yàtọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti di ìdọ̀tí mú, tó bá sì pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ níbẹ̀, ìdọ̀tí náà á jẹrà padà sínú omi. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ fi omi tó lágbára fọ̀ ọ́. Èyí ni Jik tàbí Hypo lè fọwọ́ kàn: ẹ rẹ ẹ́ sínú rẹ̀, ẹ ṣàn án, ẹ tún rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ ti fi oògùn apa-chlorine sí títí òórùn rẹ̀ á fi tán pátápátá, kí ẹ sì sá a sí oòrùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fílítà onígorodóòmù tó ní ìdérí, ẹ gbọ́ èyí. Tí iná bá lọ fún wákàtí púpọ̀, afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi tó sé mọ́bẹ̀ á tán, àwọn kòkòrò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, omi náà á máa rùn. Tí iná bá wá dé tí ẹ̀rọ sì tan ara rẹ̀, gbogbo májèlé yẹn á tú dà sórí ẹja. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ ní kété tí ẹ bá ti rí i pé iná ò ní tètè dé. Kí ẹ tó tún tàn án, ẹ ṣí i, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, kí ẹ sì fi omi táńkì ṣàn án. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì kò wọ́n, ó sì lè gba ẹ̀mí ẹja là ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Gíláàsì, iyọ̀ tó ń rá, àti fáànù

Òòfà la fi ń nu ọbẹ̀dò ara gíláàsì. Kí ẹ tó fà á, ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá iyanrìn kan ti há síbẹ̀, torí iyanrìn kan ṣoṣo á fa ojú ilà tí kò ní parẹ́ mọ́. Bíléèdì dára fún gíláàsì, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ akiríílìkì, ike pẹlẹbẹ ni kí ẹ lò.

Iyọ̀ máa ń rá jáde: lórí ìdérí, lára wáyà, títí wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi àkísà tí ẹ rẹ sínú omi lásán nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì nu ojú gílóòbù pẹ̀lú, nígbà tó bá ti tutù. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ họ ọ́ sínú omi, torí ègé iyọ̀ tó bá já lé iyùn lórí á jó o.

Ní Èkó, ọ̀pọ̀ táńkì kò nílò hítà, fáànù ló ń lò kí omi má bàa gbóná jù. Ẹ yọ eruku àti iyọ̀ ara rẹ̀ lóṣooṣù. Fáànù yìí tún ń mú kí omi tètè gbẹ, iyọ̀ kì í sì í bá omi gbẹ. Omi lásán tó ti la ẹ̀rọ RO, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi mọ́ tónítóní, kọjá ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe omi iyọ̀, kì í sì í ṣe omi borehole tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń bu omi kún táńkì fúnra rẹ̀, ẹ máa nu bọ́ọ̀lù tó ń léfòó lára rẹ̀. Ìgbín kan tó bá jókòó lé e lè mú kó máa da omi sílẹ̀ títí ilé á fi kún.

Refractometer tí ẹ fi ń wọn iyọ̀, ẹ máa fi omi RO ṣan ojú rẹ̀ lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Kí ẹ máa fi omi àyẹ̀wò 35 ppt tún un ṣe lóṣooṣù. Omi òkun gan-an wà ní nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílò omi kan. Tí ẹ̀rọ yín bá ń ka omi àyẹ̀wò náà sí ohun mìíràn, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó bu iyọ̀ kún táńkì.