Ewé tòmátì tàbí ata tí ẹ gbìn sínú ilé ń pọ́n? Ẹ kọ́kọ́ wo irú ewé tó ti ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ẹ má tíì mú fatiláísà o, ẹ má sì tíì bu omi. Ọ̀pọ̀ irúgbìn inú ilé ló jẹ́ pé ìtọ́jú tí wọ́n sáré fún un ló pa á, torí omi àpọ̀jù àti àìtó omi jọra wọn lójú gan-an, méjèèjì ló ń mú kí ewé rọ.

Ọwọ́ lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ẹ ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ náà dé oríkèé àkọ́kọ́, kí ẹ sì gbé ike ẹ̀ wò. Tó bá fúyẹ́, tí iyẹ̀pẹ̀ ti gbẹ débi pé ó ń yà kúrò lára ike, omi ló ń wá, ẹ gbé e sínú abọ́ omi kó máa fà á láti ìsàlẹ̀ fún bíi 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ wá gbé e jáde kó ro dáadáa. Àmọ́ tó bá wúwo, tí iyẹ̀pẹ̀ rin gbindingbindin, síbẹ̀ tí ewé rọ tó sì ń pọ́n, gbòǹgbò ni ò rí afẹ́fẹ́, ẹ dá omi dúró títí ojú iyẹ̀pẹ̀ á fi gbẹ, kí ẹ sì wò ó bóyá ihò wà nídìí ike yẹn. Àwọn kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tó máa ń fò lórí iyẹ̀pẹ̀ náà, ibi tó rin ni wọ́n ń yé sí, ẹ̀rí míì nìyẹn.

Tí ọ̀rọ̀ ò bá sí lọ́wọ́ omi, ẹ wá wò ó: ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ bàjẹ́ ni àbí ewé tuntun lókè? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Tí nitrogen (ọ̀kan lára oúnjẹ tí irúgbìn ń fà nínú iyẹ̀pẹ̀, bíi magnesium àti iron) ò bá tó, irúgbìn á yọ ọ́ lára ewé àgbà fún ewé tuntun, ìdí nìyẹn tí ewé ìsàlẹ̀ fi máa ń kọ́kọ́ pọ́n, tí gbogbo ẹ̀ á pọ́n pátá. Magnesium náà ń rìn bẹ́ẹ̀, àmọ́ tiẹ̀, àárín iṣan ewé ló ń pọ́n, iṣan fúnra ẹ̀ á ṣì jẹ́ gíríìnì. Iron ò lè rìn kúrò níbi tó bá wà, torí náà tí ẹ bá rí iṣan gíríìnì lórí ewé tó pọ́n, tó sì jẹ́ ewé òkè ni, iron ni, ó sì lè wà nínú iyẹ̀pẹ̀ kí gbòǹgbò má rí i mú, pàápàá tí iyẹ̀pẹ̀ bá rin jù tàbí tí pH ẹ̀ (ìwọ̀n tó ń sọ bóyá iyẹ̀pẹ̀ kan tàbí kò kan) ga jù.

Ewé méjì àkọ́kọ́ tó bá hóró jáde, tí ò jọ ewé gidi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, tí ewé gidi bá ti yọ wọ́n máa ń pọ́n jábọ́ ni.

Tó bá jẹ́ oúnjẹ lóòótọ́, fatiláísà olómi ni kẹ́ ẹ lò, ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ẹ̀, tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Tí etí ewé bá ń jó, tí nǹkan funfun bíi iyọ̀ wá gbẹ sójú iyẹ̀pẹ̀, ó ti pọ̀ jù nìyẹn, ẹ da omi lásán sí i títí á fi ṣàn jáde nísàlẹ̀ dáadáa. Ewé tó ti bàjẹ́ kì í sábà padà o, ewé tuntun lẹ máa fi mọ̀ bóyá ó ti ń gbádùn.

Tòmátì tí abẹ́ ewé ẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, wọ́n á ní phosphorus, oúnjẹ irúgbìn míì, ni ò ní, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òtútù ló sábà máa ń fà á, torí tí iyẹ̀pẹ̀ bá ti tutù ju nǹkan bíi 15°C lọ, gbòǹgbò ò ní lè fa phosphorus tó wà níbẹ̀. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ tútù tàbí lẹ́bàá wíńdò, kí ẹ mú sùúrù.

Ẹ máa yí ewé padà wo abẹ́ ẹ̀. Tí ojú ewé bá ní àmì tó-tò-tó bíi ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ na bébà funfun sábẹ́ ẹ̀ kí ẹ gbọn ewé náà, tí àmì kéékèèké tó já sórí bébà bá ń rìn, kòkòrò tó ń ta òwú bí aláǹtakùn nìyẹn. Ẹ fi omi fọ abẹ́ ewé, kí ẹ fín omi ọṣẹ tí ò le sí i, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan torí omi ọṣẹ kì í sábà pa ẹyin wọn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé kókó kéékèèké ló yọ lábẹ́ ewé tí ò sí kòkòrò kankan, gbòǹgbò ń fa omi ju èyí tí ewé lè lò lọ ni, ẹ dín omi kù, ẹ tan fáànù díẹ̀.

Ewé tó funfun tó gbẹ bíi bébà lẹ́yìn tí ẹ gbé e síta, oòrùn ló jó o. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi mọ ìta, fún bíi ọjọ́ 7 sí 10.

Èyí tí ò ní ìwòsàn ni kí ìdí igi ẹ̀ tín-ín-rín lójú iyẹ̀pẹ̀ kó sì ṣubú lulẹ̀. Ẹ yọ ọ́ tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ dín omi àwọn tó kù kù, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí wọn, kí ẹ sì fi bílíìṣì ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án fọ ike náà kẹ́ ẹ tó tún gbin nǹkan sí i.