Àwàdà alágbára: ibi tí a ti máa ń ṣìnà

"Ẹ̀fọn kan jẹ bàbá wa àgbà lálẹ́ àná. Ibà ti dá ẹ̀fọn náà dùbúlẹ̀."

Ọmọkùnrin kan ló sọ ọ́ ní Kétu ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn oní-zẹ̀mijàn (ọlọ́kadà) ti ń dúró de èrò, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkejì rẹ̀ náà fẹ́ ṣe tirẹ̀. Ó ní: "Bàbá tèmi lágbára gan-an ni. Ó lè gbé ọkọ̀ akẹ́rù, ó lè gbé òkè, kódà ó lè gbé gbogbo ayé." Gbogbo wa pa rọ́rọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, torí kì í ṣe ẹni tí kò mọ ẹ̀fẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú irú àwàdà yìí ló ṣe: ó ń ka agbára.

Ọkọ̀, òkè, ayé: a ti mọ ibi tó ń lọ kó tó débẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ kò pe bàbá rẹ̀ ní alágbára rárá. Ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ló mú, pé ẹ̀fọn ní ń kó ibà ran ènìyàn, ó sì dojú rẹ̀ dé. Àwa tí à ń gbọ́ la fúnra wa rò ó débi agbára bàbá náà, ibẹ̀ lẹ̀rín sì ti bú. Ẹ má gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ olùgbọ́. Bí ẹ bá ti fi kún un pé "ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ bàbá le ju ti ẹlòmíràn lọ," ẹ ti pa á. Ẹ má sì sọ pé "ó dà bí ẹni pé." Bí ìròyìn ni kí ẹ sọ ọ́, pẹ̀lú ojú ẹni tó rí i.

Láti 2005 ni irú àwàdà bẹ́ẹ̀ nípa Chuck Norris, òṣèré Amẹ́ríkà, ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní tó bá dojú bolẹ̀, tó ń fọwọ́ ti ilẹ̀ láti fi na ara, kì í ṣe ara rẹ̀ ló ń gbé sókè, ilẹ̀ ayé ló ń tì lọ sísàlẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni pẹ̀lú ti ẹ̀fọn yẹn.

Ẹni tí ẹ máa sọ ọ́ nípa rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ á sáré mú Superman, akọni inú ìwé àwòrán Amẹ́ríkà, wọ́n á sì kùnà. Superman tí Jerry Siegel àti Joe Shuster gbé jáde ní 1938 ń fò, ọta ìbọn kì í ràn án. Bí ẹ bá ní ó gbé ọkọ̀ ojú irin, ìtàn rẹ̀ lásán lẹ ń sọ. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni Chuck Norris ní tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oklahoma ni wọ́n bí i sí ní 1940, ó kọ́ ìjà ní Kòríà nígbà tó ń ṣe ológun òfurufú, ó sì ṣe agbófinró Texas nínú eré tẹlifíṣọ̀n láti 1993 sí 2001. Bí ẹni tá a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣe jẹ́ ènìyàn tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń pani lẹ́rìn-ín tó. Superman wúlò fún ìdíwọ̀n nìkan: wọ́n ní aṣọ tó fi ń sùn, àwòrán Chuck Norris ló wà lára rẹ̀. Nílé wa níbí, ìyá alákàrà sàn ju akọni fíìmù lọ. Epo inú agbada rẹ̀ máa ń tọrọ ìyọ̀ǹda kó tó hó.

Ẹ má sì kó ti òkèèrè wá bó ṣe wà. Yìnyín ilẹ̀ wọn kò bá wa tan. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́, wà ní Kétu: ẹ̀gbọ́n kan kì í lọ kan ilẹ̀kùn ibẹ̀, ilẹ̀kùn ibẹ̀ ló máa ń wá kan tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ìrìn àjò: ó gun zẹ̀mijàn láti Kétu dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹni tó wà á ló san owó fún un.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kí alágbára inú àwàdà máa gbá ìyàwó rẹ̀ létí, tàbí kó máa fi arọ ṣẹ̀sín. Kò sí àsọdùn níbẹ̀, torí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò lójoojúmọ́. A ní ẹ̀fẹ̀ tiwa tí a lè fi wò ó: ní òru Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án, ẹni tó hùwà ìbàjẹ́ ni orin ń bá wí (UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé ní 2001, ó sì tọ́ sí i). Ohun tó ju ènìyàn lọ ni kí alágbára yín kojú: ibà, òkun, ikú fúnra rẹ̀. Ẹ má sì sọ oríkì Ṣàngó di irú àwàdà yìí. Ẹni tó ń kì í gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, àwàdà sì nìyí, orí pé kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ ló dúró lé.

Méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà tó. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún sọ ọ̀kan, èyí tó kúrú jù ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Tèmi rèé: òjò rí ẹ̀gbọ́n náà lójú ọ̀nà Ṣábẹ, òjò sá wọ abẹ́ igi.