Bí Mo Ṣe Wọn Tírélà Mọ́ Ọkọ̀ Mi

Nílé, tá a bá ní tírélà, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni. Ní Texas níbí, èyí tí mò ń sọ dà bí ilé kékeré tó ní táyà: bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, balùwẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyàwó mi ló fẹ́ ká fa ọ̀kan lọ sí Big Bend, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan ní Texas níbí, nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ọlidé.

Ẹni tó ń tà á wo pick-up mi, ó ní ó lè fa 9,000 pọ́n-ùn, tírélà tí mo nawọ́ sí kò sì ju 5,200 lọ. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. Òfìfo ni 5,200 yẹn. Gálọ́ọ̀nù omi kan ṣoṣo lé ní pọ́n-ùn 8, ká má tíì ka ìkòkò àti gáàsì. Bébà ara tírélà ní tó bá kún tán, kò gbọdọ̀ ju 6,800 lọ.

Mo wá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Bébà kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà: èèyàn àti ẹrù inú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju 1,420 lọ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ahọ́n tírélà, irin iwájú tó ń tẹ ìdí ọkọ̀, ẹrù ọkọ̀ lòun náà. Ó yẹ kó tó 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà. Mo fi 13 ṣírò: 884. Èmi, ìyàwó mi àtọmọ mẹ́ta jẹ́ 625. Ó di 1,509, a ò sì tíì gbé kúlà wọlé! Ọkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo ni wọ́n fi ń ṣírò 9,000 wọn.

Mo mú èyí tó kéré, tí kò gbọdọ̀ ju 4,900 lọ. Ahọ́n 637, àwa 625, irin ìso 80: 1,342. Ó ku 78.

A kó ẹrù tán, mo wà á lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn onítírélà tòótọ́. Tírélà 4,620, ahọ́n 400 péré. Wọ́n ti kó jẹnẹrétọ̀, omi àti iṣu sẹ́yìn pátápátá! Bí ahọ́n bá fúyẹ́ báyìí, tírélà á máa jù sọ́tùn-ún sósì lórí eré, á sì máa wọ́ ọkọ̀ dání. A kó gbogbo ẹ̀ wá síwájú, mo tún un wọ̀n: 530.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa niṣu wà títí a fi dé Big Bend.