Zone tó ń jẹ 50 sẹ́ǹtì lóṣù, ojú mi rí màbo kí n tó pa á rẹ́

Gbogbo wàhálà yìí, nítorí 50 sẹ́ǹtì ni. Ẹ rẹ́rìn-ín, mi ò ní bínú. 50 sẹ́ǹtì lóṣù ni iléeṣẹ́ cloud tí mò ń lò ń gbà lórí zone kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwé tó ń sọ ibi tí website àti ìmeèlì domain kan (orúkọ bíi ti .com) wà, bẹ́ẹ̀ mo ní méje tí mi ò fẹ́ lò mọ́ níbẹ̀, wọ́n kàn jókòó wọ́n ń jẹ dọ́là, káàdì náírà mi sì ti kọ̀ láti san án lẹ́ẹ̀mejì, ni mo bá ní lálẹ́ Tọ́sìdé kan pé òní lòní ń jẹ́, màá palẹ̀ gbogbo wọn mọ́. Ti Alhaja ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Oúnjẹ òde ni Alhaja ń sè, Ìbàdàn níbí, àwọn ọ́fíìsì ńláńlá ló sì pọ̀ nínú kọ́sítọ́mà wọn, ìmeèlì ni wọ́n fi ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Mo ti gbé website wọn lọ síbòmíì, mo ti ṣe zone tuntun síbẹ̀, mo wá wọlé sí ọ̀dọ̀ registrar, àwọn tí a ti ra domain, mo yí nameserver, ìyẹn sáfà tó ń ka zone fún ẹni tó bá béèrè, sí tuntun. Mo ṣí website náà lórí fóònù mi, ó ṣí wàrà. Inú mi dùn. Kí ló tún kù? Mo padà sínú cloud àtijọ́, mo pa zone rẹ́, mo lọ sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí á ti máa mirí báyìí.

Ohun tí mi ò rò nìyí: ẹni tó bá bi àwọn sáfà .com pé nameserver wo ló ń tọ́jú domain yìí, ìdáhùn tó bá gbà, wákàtí 48 ló láàyè láti fi tọ́jú rẹ̀, ẹ lọ wò ó nínú dig, irinṣẹ́ tí a fi ń bi nameserver ní ìbéèrè, 172800 sẹ́kọ́ńdì ló máa kọ síbẹ̀. Fóònù tèmi ò tíì béèrè rí lọ́jọ́ yẹn, ìdí tó fi rí tuntun nìyẹn. Àwọn sáfà tó ti béèrè láàárọ̀ ṣì ń lọ kanlẹ̀kùn ilé àtijọ́, èmi sì ti wó ilé náà lé ara mi lórí. REFUSED (mi ò dá ọ lóhùn) ni nameserver àtijọ́ ń dá gbogbo wọn lóhùn.

Aago méje àárọ̀ Fúráìdé, Alhaja pè mí. "Ọmọ mi, ṣé o jí dáadáa? Àwọn kan ní àwọn fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí mi láti ìdájí, mi ò rí nǹkan kan o." Mo ní ẹ má ṣèyọnu mà, network ni. Irọ́ burúkú.

Mo ní kò burú, màá ṣe zone náà padà, orúkọ kan náà, record (àwọn ìlà inú zone) kan náà, ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ṣe é, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó fún mi ní nameserver mẹ́rin. Kò sí ẹyọ kan tó jọ ti àná nínú wọn! Bí cloud yìí ṣe ń ṣe nìyẹn, tẹ́ ẹ bá ti pa zone rẹ́, ẹ ò lè rí àwọn nameserver yẹn gbà padà, ẹ ò sì ní rí ẹni tẹ́ ẹ máa bẹ̀. Ohun tó kù tí mo lè ṣe ò ju kí n lọ sí ojú ìwé tí Google fi ń jẹ́ kéèyàn fọ ìrántí 8.8.8.8 àti ti Cloudflare fún 1.1.1.1, sáfà méjì tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń béèrè ibi tí website wà, ó ran àwọn tó ń lo méjèèjì yẹn lọ́wọ́, àmọ́ sáfà àwọn iléeṣẹ́ fóònù àti ti ọ́fíìsì, ta ni màá bẹ̀ kó fọ tiẹ̀ fún mi?

Ìmeèlì yẹn ò sọnù o, sáfà tó fi wọ́n ránṣẹ́ kàn ń gbìyànjú títí ni. Alẹ́ Sátidé ni wọ́n ya wọlé, mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn ń fẹ́ àwo ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín 150. Fún ọ̀sán Sátidé yẹn gan-an. Alhaja ò bú mi, wọ́n kàn ní "Ọlọ́run á ṣe òmíì," ó sì dùn mí ju èébú lọ. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n má san owó ìtọ́jú website fún mi lọ́dún yẹn mọ́. Ẹ wá fi 50 sẹ́ǹtì pín in, kẹ́ ẹ wo iye oṣù tí zone yẹn ì bá fi jókòó jẹ́jẹ́ síbẹ̀.

Ti iléèwé kan ló kàn. Lórí eléyìí mo ní mi ò ní kánjú, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mi ò kánjú lóòótọ́. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan mo kó gbogbo record jáde sínú fáìlì, mo fi ọ̀kan pamọ́ sórí laptop, ọ̀kan sínú ìmeèlì ara mi. Bí wọ́n ṣe ń kó wọn wọ zone tuntun, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. TXT, record tó ń gbé ọ̀rọ̀ lásán, tí DKIM (òǹtẹ̀ tó ń fi hàn pé ìmeèlì kì í ṣe ayédèrú) ń lò nìkan kẹ́ ẹ ṣọ́, torí okùn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan inú TXT ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 255 lọ, kọ́kọ́rọ́ DKIM tó jẹ́ 2048 bit kò sì lè wọ inú okùn kan, ẹ máa gé e sí méjì nínú TXT kan náà ni.

Ibi tó ti wá há nìyí. Ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí n tó dé ti tan DNSSEC. Tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, òǹtẹ̀ ni zone máa ń lù sórí gbogbo ìdáhùn rẹ̀, .com wá tọ́jú àpẹẹrẹ òǹtẹ̀ náà sọ́wọ́, òun ni wọ́n ń pè ní DS. Tí òǹtẹ̀ bá lọ tí DS sì wà lọ́hùn-ún, 8.8.8.8 àti 1.1.1.1 á ní ayédèrú ni, wọ́n á da ìdáhùn náà nù, website á kú fún gbogbo ẹni tó ń gbabẹ̀. DS lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ. Ẹ wá dúró wákàtí 24, torí iye tí .com ní kí wọ́n fi rántí DS nìyẹn. Slack pàápàá, app tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, kó sínú ọ̀fìn yìí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n dá DNSSEC dúró nígbà tí DS ṣì wà nínú ìrántí àwọn sáfà káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ èèyàn ò rí Slack wọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀dọ̀ registrar nìkan lèèyàn ti lè yọ DS. Mo wọlé síbẹ̀, ojú ewé DNSSEC wọn ní kò sí nǹkan kan. Kò sí kẹ̀? Dig ń fi í hàn mí gbangba, nọ́ńbà kan, 13, 2, àti okùn lẹ́tà gbọọrọ bí ìrù ọ̀bọ. Kò sí bọ́tìnì tí màá tẹ̀. Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Túsìdé, wọ́n ní kí n pa cache inú browser mi rẹ́. Mo ṣàlàyé padà, jẹ́jẹ́ ni mo fi ṣe é. Wẹ́sìdé, ẹlòmíì ní kí n kọ́kọ́ yí nameserver, kí n dúró wákàtí 24 sí 48, gbogbo ẹ̀ á bọ́ sípò. Ohun tó máa pa iléèwé yẹn gan-an nìyẹn! Zone tuntun ò ní òǹtẹ̀ kankan, DS sì wà lórí. Ká ní ẹni tí ò mọ nǹkan ni, á ti ṣe é.

Tọ́sìdé mo pè wọ́n, orin ni mo gbọ́ títí ìrẹsì mi fi jóná lórí iná, ẹni tó wá gbé e ní "ẹ má bínú sà, ẹ jọ̀ọ́ kí ni DS?" Mo rọra sọ fóònù kalẹ̀. Mo ya àwòrán ohun tí dig sọ, mo fi àmì pupa yí okùn lẹ́tà yẹn ká, mo kọ ìlà kan péré sábẹ́ rẹ̀: ẹ yọ èyí lọ́wọ́ .com fún mi. Fúráìdé, obìnrin kan dáhùn pé ṣé eléyìí nìkan ni, ó sì yọ ọ́ kí n tó fèsì tán. Ọjọ́ márùn-ún fún iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá jẹ́ èmi ni yín, àwòrán yẹn ni màá fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyókù ò gba agbára. Sọ́ńdè, wákàtí 24 ti kọjá dáadáa, mo yí nameserver. Mo fi zone àtijọ́ sílẹ̀ títí di Fúráìdé tó tẹ̀lé e, mo ń yọjú wo iye ìbéèrè tó ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ó ń relẹ̀ ó ń relẹ̀, ó ku àwọn bot tí ò gbọ́ràn. Mo dá DNSSEC dúró nínú rẹ̀, mo pa àwọn record rẹ́ ó ku NS àti SOA, record méjì tí cloud fúnra rẹ̀ kọ síbẹ̀, nìkan, torí tí nǹkan míì bá ṣì wà níbẹ̀ á ní zone ò ṣófo, kò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ pa á. Mo tẹ delete. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Nínú márùn-ún tó kù, méjì wà tó jẹ́ pé domain wọn ṣì ń tọ́ka sí cloud yẹn. Díẹ̀ ló kù kí n pa wọ́n bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe é, àlejò kan lè ṣí zone lórúkọ domain yín nínú cloud kan náà, tó bá sì bọ́ sórí nameserver yín, òun ló ń darí rẹ̀ nìyẹn, ìmeèlì àti gbogbo nǹkan. Ọ̀dọ̀ registrar ni mo kọ́kọ́ lọ yọ nameserver wọn.

Alhaja ṣì ń pè mí o. Tí ìmeèlì bá ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, wọn ò tiẹ̀ ní kí mi mọ́: "Ọmọ mi, kí lo tún pa rẹ́?"