Bí Mo Ṣe Mòòkùn Láàárín Ẹja Ekurá ní Galápagos

Owó nìkan kọ́ ló ń gbé èèyàn dé erékùṣù Wolf àti Darwin ní Galápagos. Ẹni tó bá ń gbèrò àtilọ, ohun tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn kó tó san kọ́bọ̀. Ọkọ̀ olówó gọbọi ni mo wọ̀ lóòótọ́: ibùsùn rẹ̀ rọ̀, oúnjẹ rẹ̀ dùn, wọ́n sì tọ́jú wa dáadáa. Ṣùgbọ́n omi tí ọkọ̀ náà gbé wa lọ kò mọ olówó yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní. Ó ń ṣàn gidigidi, ó tutù, ìlú sì jìnnà sí i. Ìmúrasílẹ̀ ló jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀.

Ecuador ló ni Galápagos. Àwọn erékùṣù náà wà nínú òkun Pàsífíìkì, wọ́n fi nǹkan bíi 1,000 kìlómítà jìnnà sí etíkun Ecuador fúnra rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ni èèyàn ń gbé. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ti ẹyẹ, iguana (irú alángbá ńlá kan) àti ìjàpá. Láti 1959 ni ìjọba ti fi òfin dáàbò bo ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì fi òfin dáàbò bo omi tó yí i ká ní 1998. Wolf àti Darwin wà lókè réré ní ìhà àríwá, àwọn méjèèjì nìkan. Àlejò kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wọn, kò sí òtẹ́ẹ̀lì, kò sí èbúté. Bí èèyàn bá fẹ́ mòòkùn níbẹ̀, àfi kó wọ ọkọ̀ ojú omi tí à ń jẹ tí à ń sùn nínú rẹ̀, irú èyí tí kì í gbà ju èrò 16 lọ. Owó ọ̀sẹ̀ kan máa ń tó dọ́là 6,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀, owó bàlúù kò sí nínú ẹ̀.

Lójú tèmi, ìgbà tí èèyàn máa lọ ṣe pàtàkì ju ọkọ̀ tó máa wọ̀ lọ. Láti oṣù January sí May, omi a máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìgbì kì í sì pọ̀. Láti June sí November, ìṣàn omi tutù tí wọ́n ń pè ní Humboldt, tó ń ti gúúsù bọ̀, á wá lágbára sí i. Omi á tutù, òkun á máa ru, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni irú ekurá kan tí wọ́n ń pè ní whale shark máa ń kọjá ní Darwin. Ẹja yẹn ló tóbi jù nínú gbogbo ẹja ayé, òun ni mo sì bá lọ. Mo yan September.

England ni mo ń gbé, nítorí náà omi tutù kò wọ́n mi. Mo fi oṣù mélòó kan mòòkùn nínú àwọn kòtò ńlá tí wọ́n ti wa òkúta rí tí omi wá kún, mo wọ aṣọ rọ́bà tó nípọn ní mìlímítà 7, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ àti ìbọ̀wọ́. Ohun tí mo fi kọ́ra jù ni bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn já sómi láìsí afẹ́fẹ́ kankan nínú ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó. Ní ọ̀pọ̀ ibi, èèyàn á já sómi, á kọ́kọ́ léfòó, á wo ojú ẹnìkejì rẹ̀, kó tó máa sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Wolf, omi á ti gbé yín kọjá ibi tí ẹ ń lọ. Wọ́n á ka ení, èjì, ẹ̀ta, gbogbo yín á já lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó dorí kodò, ẹ kò sì ní dúró títí ẹ ó fi dé ibi àpáta. Ẹni tí etí rẹ̀ kì í tètè là, kó ti kọ́ bí yóò ṣe máa là á kó tó kúrò nílé.

Mo tún gba ìwé ẹ̀rí Nitrox, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ọ́síjìn kún. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí lójoojúmọ́, ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ọ́síjìn; èyí tí wọ́n ń rọ sínú sìlíńdà wa lórí ọkọ̀ ní ìdá 32. Náítírójìn tó ń wọ ara á dín kù, èèyàn á sì lè pẹ́ sí i nísàlẹ̀. Àmọ́ ọ́síjìn máa ń di májèlé bí omi bá jìn jù, torí náà ẹni tó ń lo 32 kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bíi mítà 33. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin là ń wọ omi lóòjọ́, ẹ má lọ láìní ìwé ẹ̀rí yìí. Ẹ má sì lọ láìní ìwé adójútòfò tó bo àìsàn omi jíjìn, èyí tí náítírójìn tó kù lára máa ń fà.

Màámi gbọ́ pé mo ń lọ, wọ́n ní, "Ọkọ mi, ẹja tó ń jẹ èèyàn lo fẹ́ lọ wò?" Mo ní, "Ẹ má fòyà, mà. Èyí tí mò ń lọ wò, àwa gan-an lẹ̀rù wa ń bà á." Òótọ́ ni mo sọ fún wọn. Ekurá olórí-òòlù, tí èmi náà fẹ́ rí ní Wolf, máa ń sá fún afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde lẹ́nu wa.

Mo gba Madrid dé Quito, olú ìlú Ecuador, mo sùn níbẹ̀ mọ́jú. Kéèyàn tó wọ bàlúù Galápagos, ó gbọ́dọ̀ ra káàdì ìrìnnà ní dọ́là 20, wọ́n á sì yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Èso, irúgbìn, ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàtà, wọn ò fẹ́ rí i, nítorí kòkòrò kan ṣoṣo láti ìta lè ba erékùṣù odindi jẹ́. Ní pápákọ̀ Baltra, mo san dọ́là 200 ìwọlé. Dọ́là 100 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi kún un ní August 2024. Ẹ mú káàṣì lọ́wọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a wọ omi, wọ́n kàn fẹ́ wo bí kálukú ṣe ń ṣe ni, kí kálukú sì mọ ìwọ̀n òjé tó yẹ kó so mọ́ ìbàdí. Omi iyọ̀ máa ń gbéni léfòó ju omi tí kò níyọ̀ lọ, nítorí náà iye òjé tí mò ń lò ní England kò lè tó mi níbẹ̀. Mo ti fi kìlò méjì kún un kí n tó wọlé. Kìnnìún òkun kan wá ń fa bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ mi, ó fi sílẹ̀, ó yí mi po, ó tún padà wá fà á. Lálẹ́, ọkọ̀ kọrí sí àríwá, ó sì rìn mọ́jú. Òkun ru gan-an. Ẹ lo oògùn èébì kí ọkọ̀ tó ṣí. Tí ó bá ti mú yín tán, oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ti wà ní Wolf. Ògiri àpáta ni, ó ga fíofío, ẹyẹ bò ó. Wọ́n pín wa sínú ọkọ̀ rọ́bà méjì tí wọ́n ń pè ní panga, a sì já sómi. Ní nǹkan bíi mítà 18, mo rí àpáta kan dì mú. Ibẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ ti wúlò, nítorí àwọn ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ àpáta náà mú púpọ̀. Mo jókòó jẹ́ẹ́, mo ń mí díẹ̀díẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, omi lásán ni mo ń wò. Lẹ́yìn náà òjìji kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, kí n tó mọ̀, wọ́n ti pọ̀ kọjá ohun tí mo lè kà. Wọ́n ń lọ lókè orí wa pẹ̀lú sùúrù, ikùn wọn funfun, orí wọn fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀kan yà kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sún mọ́ ibi tí mo wà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí ojú rẹ̀ ní ìpẹ̀kun orí rẹ̀. Àwọn ẹja kéékèèké aláwọ̀ yẹ́lò jáde láti ibi àpáta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kòkòrò lára rẹ̀ jẹ. Ekurá náà dẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè ráyè dé abẹ́ lẹbẹ rẹ̀. Ìtọ́jú yìí wà lára ohun tó ń mú wọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ erékùṣù lọ́sàn-án. Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á lọ ṣọdẹ lójú agbami. Gbogbo ẹ̀kọ́ inú omi tutù ní England, iṣẹ́jú yẹn ni mo kọ́ ọ fún. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, tó ń tapá tó ń tasẹ̀, á kàn lé wọn lọ ni, á sì ba ti àwọn yòókù jẹ́.

Ọ̀nà Darwin kò pẹ́ láti Wolf. Àpáta tó ṣe bí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, tí gbogbo amòòkùn ayé mọ̀ nínú fọ́tò, wó ní 17 May 2021. Òpó méjì ló kù tó dá dúró. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, a tún di àpáta mú bíi ti Wolf, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ojú amọ̀nà là ń wò. Nígbà tó mi ṣaworo irin ọwọ́ rẹ̀, a fi àpáta sílẹ̀, a lúwẹ̀ẹ́ lọ sínú agbami pẹ̀lú gbogbo agbára wa.

Mo kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ ló wà níwájú. Ìgbà tí mo rí àwọn àmì funfun tó tò lára rẹ̀ ni mo mọ̀ pé ẹja ni. Ó ju mítà 10 lọ. Ọ̀wọ́ ẹja kéékèèké rọ̀ mọ́ ikùn rẹ̀, ekurá mìíràn tó tóbi ju èmi lọ sì ń fi ara ha ẹ̀yìn rẹ̀. Abo ni. Ikùn rẹ̀ wú, bíi ti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń dé Darwin. Àwọn onímọ̀ ti ń rò ó tipẹ́ pé oyún ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó rí ibi tí wọ́n ń bímọ sí. Ẹja náà kò yára rárá lójú, síbẹ̀ gbogbo agbára mi ni mo fi ń bá a rìn, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà mi sì ń lọ kíákíá. Nígbà tí ìrù rẹ̀ kọjá mi, ó ga ju mí lọ. Mo dẹ́sẹ̀ dúró. Omijé wà nínú awò ojú mi, ojú kò sì tì mí láti sọ ọ́.

Ibi tí a gòkè sí jìnnà sí àpáta. Ní mítà 5, gbogbo wa dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí náítírójìn lè jáde lára, a fẹ́ rọ́bà gígùn aláwọ̀ ọsàn gòkè kí panga lè rí wa. Ọkọ̀ tún fún kálukú ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ibi tí èèyàn wà ránṣẹ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní irú ẹ̀rọ yìí kí ẹ tó sanwó. Ọkọ̀ tí kò bá ní in, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí yàrá rẹ̀ dára tó.

Láti Darwin a padà sí gúúsù, a gba ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Isabela àti Fernandina. Kọ̀ǹpútà ọwọ́ mi ka ìwọ̀n otútù omi ibẹ̀ sí 16°C. Ìṣàn omi kan tí wọ́n ń pè ní Cromwell ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ lábẹ́ òkun, ó ń kọlu ìdí àwọn erékùṣù wọ̀nyí, ó sì ń gbé omi tutù àti oúnjẹ gòkè. Òun ló mú kí pẹngúìnì, ẹyẹ tó fẹ́ràn omi tutù, lè gbé lórí ìlà agbedeméjì ayé.

Ní Cabo Douglas ní Fernandina, mo rí iguana tó ń jẹun lábẹ́ òkun, ohun tí kò sí níbòmíì láyé. Ó fi ìrù tu ara rẹ̀ kọjá mi, ó fi èékánná di àpáta mú, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé òkun jẹ bí ewúrẹ́ tó rí koríko lára ògiri. Ìgbì ń gbé mi lọ, ó ń gbé mi bọ̀, òun kò mira. Nígbà tó yó, ó lọ yáàrùn lórí òkúta, ó ń fín iyọ̀ jáde nímú.

Nípa ìgbádùn ọkọ̀, n kò ní sọ púpọ̀. Bí a bá ti jáde nínú omi, tówẹ̀lì gbígbóná àti ṣokoléètì gbígbóná ti wà nílẹ̀. Ara tó ti gbọ̀n nílò rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ orúkọ wa láti ọjọ́ kìíní, wọ́n mọ ẹni tí àárẹ̀ mú, wọ́n sì máa ń sọ fún un pé kó sinmi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ekurá olórí-òòlù tí mo rí wọ̀nyẹn wà lára àwọn tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹranko àti ewéko, kọ sílẹ̀ pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run. Ní August 2017, wọ́n mú ọkọ̀ Ṣáínà kan nínú omi Galápagos, òkú ekurá tó ju 6,000 lọ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí amọ̀nà wa ń sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ lórí tábìlì fún ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi ka dọ́là 200 yẹn sí owó púpọ̀: nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ibẹ̀.

A fi wákàtí 24 sílẹ̀ láàárín ìgbà tí a jáde nínú omi kẹ́yìn àti ìgbà tí a wọ bàlúù, kí náítírójìn tó kù lára lè jáde, a lo àkókò náà láti wo ìjàpá ńláńlá lórí òkè erékùṣù Santa Cruz.

Tí ẹ bá rí whale shark, ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, láti ibi tó fi ń mí títí dé ibi tí lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ parí sí, ẹ má lo iná. Àmì ara wọn kò jọra, òun ni àwọn onímọ̀ fi ń dá wọn mọ̀ láti ọdún dé ọdún, wọ́n sì máa ń gba fọ́tò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á mọ́ ọn.