Olè tó ní àdírẹ́sì 192.168: inú ilé ni kí ẹ ti wá a

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mò ń bá tọ́jú kọ̀ǹpútà ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé ọmọkùnrin kan lọ sílé. Antivirus, ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà, ló figbe ta lórí kọ̀ǹpútà akápò: ó ní ẹ̀rọ kan tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ 192.168.1.37 fẹ́ gba port 445, ọ̀kan lára ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà, wọlé, òun sì ti dí i lọ́nà. Akọ̀wé ti gbé nọ́ńbà yẹn lọ sí ojú òpó tó máa ń sọ ìlú tí àdírẹ́sì wà. Ojú òpó náà ò rí ìlú kankan dárúkọ. Ni wọ́n bá ní olè náà ti lo àféèrí.

Kò sí àféèrí níbẹ̀. Gbogbo ilé onígbọ̀ọ̀rọ̀ n'Íbàdàn ló ní yàrá kẹta lápá ọ̀tún. Tí mo bá kọ “yàrá kẹta lápá ọ̀tún” sẹ́yìn lẹ́tà, tí mi ò kọ nǹkan míì, ta ni wọ́n máa gbé e fún? Bí àdírẹ́sì abẹ́lé ṣe rí nìyẹn. Ráútà yín, ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, ló ń pín in fún ẹ̀rọ inú ilé, ráútà aládùúgbò yín sì lè máa pín nọ́ńbà kan náà lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Tí ẹ̀rọ yín bá ń jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ráútà á bọ́ àdírẹ́sì yẹn lọ́rùn rẹ̀, á fi tiẹ̀ wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó pariwo, ẹ wo bí nọ́ńbà náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Látọdún 1996 ni ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní RFC 1918 ti ya ọ̀wọ́ mẹ́ta sọ́tọ̀ fún abẹ́lé: èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, àti láti 172.16 títí dé 172.31. Ti 172 yìí ló máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. 172.217, ti Google ni. Ẹni tó bá fi ìbẹ̀rù dí gbogbo 172, ó ti dí Google mọ́ ọn. Tí ẹ bá rí 169.254, ẹ̀rọ náà ló béèrè àdírẹ́sì tí ẹnì kankan ò dá a lóhùn, ló bá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Láti 100.64 dé 100.127, àwọn tó ń ta dátà ló ń lò ó láti kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. 127.0.0.1, kọ̀ǹpútà ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

37 tiwa, abẹ́lé ni. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ibi tí wọ́n ti ṣìṣe nìyí: wọ́n ti ṣí ojú ìwé ráútà, 192.168.1.1, wọ́n wo orúkọ àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn, wọ́n sì rí i pé fóònù ọmọ tó ń bá akọ̀wé ṣiṣẹ́ ló wà ní 37. Akápò ní, “Ẹnjiníà, ẹ ò rí ayé?”

Mo ní, “Mà, aago mélòó ni ìkìlọ̀ yẹn wọlé?”

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Aago mélòó ni NEPA múná lọ? Aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ráútà wa ò sì sí lórí ínfátà. Tíná bá lọ, irú ráútà olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ á gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀, tó bá tún tàn, ó lè pín àdírẹ́sì ní ọ̀tun. Ẹni tó jókòó síwájú mọ́tò ní Dùgbẹ̀ lè ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé Ìwó Road. Àdírẹ́sì láìsí aago ò tó ẹ̀rí tí a fi ń mú èèyàn. (Ẹ kíyè sí aago náà dáadáa: ìkìlọ̀ míì máa ń lo aago UTC, ìyẹn aago àgbáyé, wákàtí kan la sì fi ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà.)

Mo ní kí wọ́n má lé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má sì dí 37. Mo lẹ ìwé mọ́ kọ̀ǹpútà akápò: tí ìkìlọ̀ bá tún dé, kí wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́rú, wọ́n pè. Lọ́tẹ̀ yìí, 192.168.1.42 ni. Mo ní kí wọ́n tẹ cmd, fèrèsé dúdú kan á ṣí, kí wọ́n kọ arp -a síbẹ̀, kí wọ́n sì ka ohun tó wà níwájú 42 sí mi létí. Àdírẹ́sì MAC nìyẹn, èyí tí wọ́n ti fi sára ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́. Kò sí nínú àwọn tí ráútà ń pín, nítorí náà iná tó lọ ò lè yí i padà. Àmọ́ ẹ yára, kò ní pẹ́ níbẹ̀. Akápò ń kà á bí ẹni ń ka nọ́ńbà tẹ́tẹ́: “B, ẹ̀jọ... B ńlá ni àbí kékeré?” Mo ní ọ̀kan náà ni wọ́n.

Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ máa ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, torí IEEE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà àgbáyé, ló ń pín wọn. Ti fóònù ayé òde òní le díẹ̀, wọ́n máa ń hùmọ̀ MAC fúnra wọn. Tí èyí tó wà nípò kejì bá jẹ́ 2, 6, A tàbí E, ẹ má wulẹ̀ wá ilé iṣẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n èyí tí akápò kà kì í ṣe ti fóònù. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo la ní tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ yẹn, inú yàrá ìkẹ́rù ló wà, wáyà ló sì fi so mọ́ ráútà. Òun ni wọ́n fi ń tẹ káàdì ìdánimọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Windows 7! Láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti jáwọ́ lórí rẹ̀. Port 445 ni Windows sì fi ń pín fáìlì. Ẹnu ọ̀nà yìí kan náà ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà ràn kálẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 2017.

Mo fa wáyà rẹ̀ yọ, mo fi antivirus yẹ̀ ẹ́ wò, ó kún fún kòkòrò. A nu gbogbo inú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìkìlọ̀ abẹ́lé ló máa ń rí báyìí o. Ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kiri lè jọ olè tó ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tó bá gbé ráútà tiẹ̀ wá láti ilé tó fi so mọ́ ti ọ́fíìsì: fóònù mẹ́wàá lè wà lẹ́yìn rẹ̀, àdírẹ́sì ẹyọ kan lẹ ó máa rí. Ìdí ráútà kejì yẹn lẹ ó lọ kí ẹ tó lè mọ ẹni tó ṣe é.

Mo ti gbé ráútà wa sórí ínfátà báyìí. Mo so àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan mọ́ MAC ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kó má máa yí padà, mo sì fi báírò kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri lókè ráútà. Ní ti ọmọkùnrin yẹn, akọ̀wé ra gàlà méjì fún un lọ́jọ́ kejì, kò sì sọ ìdí tóun fi rà á.